Ìfẹ́ Tí Kò Ní Alárinà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mojú ara wọn tán, alárinà a yẹ̀bá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí tí kò sì fẹ́ kúrò lójú ọ̀nà ni a máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú òwe náà tí a kì í sábà yẹ̀ wò: ó gbà pé alárinà ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí alárinà rárá ńkọ́? Bí ọkùnrin àti obìnrin bá pàdé lójú agbo àríyá, tí wọ́n ti sùn pọ̀ kí wọ́n tó mọ orúkọ bàbá ara wọn, ta ni yóò ṣe ìwádìí? Ta ni yóò jẹ́ iṣẹ́ láàárín wọn? Ta ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dàrú?

Eré aláwàdà kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó fi ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí ṣe ẹran jẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó kọ ọ́ kò ní alárinà ilẹ̀ Yorùbá lọ́kàn. Orúkọ eré náà ni Insecure, èyí tí a lè pè ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n sì fi àdéhùn sí i. Ọ̀wọ́ márùn-ún ni, ìpín 44 ni gbogbo rẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ń jẹ́ Issa Rae, tí a bí ní Los Angeles ní ọdún 1985, ni ó dá a sílẹ̀ pẹ̀lú Larry Wilmore, òun náà ni ó sì kó ipa tí ó ga jù nínú rẹ̀. Oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Senegal ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ ni ìyá rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ HBO, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1972, ni ó gbé eré náà jáde. Ilé iṣẹ́ yìí kò dà bí àwọn tí ń fi eré wọn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n sì ń fi ìpolówó ọjà jẹun. Inú wáyà tí a là wọ ilé ni eré rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbà wá, ẹni tí ó bá sì ń san owó oṣù nìkan ni ó ń rí i wò. Nítorí pé kò sí olówó ọjà tí yóò bínú sí wọn, wọn a máa fi ohun tí àwọn yòókù ń fi aṣọ bò hàn ní gbangba. Ibẹ̀ ni Sex and the City ti jáde láti ọdún 1998 sí 2004, eré àwọn obìnrin mẹ́rin ní New York tí wọ́n ń jókòó yí tábìlì oúnjẹ ká, tí wọ́n ń ròyìn ọkùnrin tí wọ́n bá pàdé fún ara wọn. Ibẹ̀ náà ni Girls ti jáde láti ọdún 2012 sí 2017. Aláwọ̀ funfun ni àwọn obìnrin tí a kọ eré méjèèjì lé lórí. Issa Rae ni ó wá gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù Los Angeles, sí Inglewood àti àyíká rẹ̀, láàárín àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kàwé, tí wọ́n níṣẹ́ lọ́wọ́, tí owó ilé sì ń lé wọn kiri.

Issa àti Molly

Ọ̀rẹ́ méjì ni ìtàn náà dá lé. Issa ń ṣiṣẹ́ ní ẹgbẹ́ kan tí ń ran àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Molly, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jẹ́ agbẹjọ́rò. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, Issa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 29. Ó ti ń bá ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lawrence gbé láti ọdún bíi mélòó kan, Lawrence kò sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tí ó dána. Issa padà lọ bá ọkùnrin kan tí ó ti mọ̀ rí, Lawrence gbọ́, ó sì kó jáde. Ọ̀dọ̀ Molly ni Issa wà lórí àga tí ó ti ń sunkún nígbà tí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ parí.

Láti ìgbà náà ni Issa ti pinnu pé òun yóò máa bá ọkùnrin ṣeré láìso ara òun mọ́ ẹnikẹ́ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọkùnrin ṣe máa ń ṣe. Apá yìí ni ó pani lẹ́rìn-ín jù, nítorí pé ohun tí ó rò pé yóò rọrùn kò rọrùn rárá. Molly ní tirẹ̀ ń wá ọkọ lójú méjèèjì. Ó ń wá a lórí fóònù, ó ń wá a níbi àríyá, ó ń gbé wọn yẹ̀ wò, ó ń dá wọn padà. Ẹni tí ó wo eré yìí lóréfèé lè sọ pé ìṣekúṣe lásán ni. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ohun tí àwọn ọmọbìnrin náà ń wá kì í ṣe ọkùnrin púpọ̀. Ẹni tí yóò sọ òtítọ́ fún wọn ni wọ́n ń wá.

Kí a tó dá wọn lẹ́jọ́, ó yẹ kí a rántí ohun tí àwọn baba wa rí kí wọ́n tó fi alárinà sí àárín ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin.

Ìwádìí

Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897 tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ìpele mẹ́ta ni ìgbéyàwó ní láyé àtijọ́: kí a kọ́kọ́ fi ète hàn, kí a ṣe àdéhùn níwájú àwọn ẹbí, kí a tó wá gbé ìyàwó. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó jẹ́ ti ẹni méjì péré. Bí ìfojúsóde bá ti mú ọmọbìnrin kan, ìwádìí ni ó kàn. Àwọn ẹbí yóò wádìí bóyá wárápá, ẹ̀tẹ̀ tàbí wèrè wà ní ìdílé náà. Wọn yóò bèèrè bóyá gbèsè ń lé wọn kiri, bóyá wọ́n máa ń lu ìyàwó, bóyá ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọn tí a kò mọ̀. Alárinà ni ó ń rìn ín. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan, ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé ó mọ ilé méjèèjì, ilé méjèèjì sì mọ̀ ọ́n.

Nínú Insecure, fóònù ni ó gba iṣẹ́ yìí. Àwòrán ọkùnrin yóò yọ, iṣẹ́ tí ó ń ṣe yóò yọ, ibi tí ó ti kàwé yóò yọ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Kò sí aládùúgbò tí yóò sọ pé, “Ẹ rọra o, mo mọ ilé yẹn.” Ìgbà kan wà tí Molly bẹ̀rẹ̀ sí í bá Dro lọ, ọkùnrin tí wọ́n jọ dàgbà, tí ó sì ti níyàwó nílé. Dro sọ fún un pé òun àti ìyàwó òun ti jọ fẹnu kò pé kálukú lè ní ọ̀rẹ́ níta. Ẹnu Dro náà ni Molly ti gbọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ẹjọ́ ẹnìkan ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àgbà òṣìkà ni ó sì ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Molly, agbẹjọ́rò tí ó ń jẹun lórí ẹ̀rí, kò béèrè ẹ̀rí nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Iṣẹ́ jíjẹ́

Iṣẹ́ kejì tí alárinà ń ṣe ni pé ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, ó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ọmọbìnrin kì í yára fèsì. Bí ó bá rí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tàbí ará ilé rẹ̀ lọ́nà, yóò sá pamọ́. Bí ó bá pẹ́, yóò ṣí ohùn, a ó sì gba owó ìṣíhùn lórí rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi àṣà yìí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àkókò ni ó ń fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n ó fún àwọn méjèèjì láǹfààní láti sọ ohun tí kò ṣeé sọ lójúkojú. Ọmọkùnrin lè sọ fún alárinà pé òun kò tíì lówó ìdána. Ọmọbìnrin lè sọ fún alárinà pé ìwà kan ń dẹ́rù ba òun lára ọkùnrin náà. Alárinà yóò fi ọgbọ́n tún ọ̀rọ̀ náà sọ níbi tí ó yẹ kí ó dé.

Ta ni Issa ń rán níṣẹ́? Dígí ni. Láti ìpín àkọ́kọ́ ni àwọn òǹwòran ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn: yóò dúró níwájú dígí ilé ìwẹ̀, yóò máa bá àwòrán ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò máa kọrin oníròyìn, yóò máa dán ohun tí ó fẹ́ sọ fún ọkùnrin wò. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó gbóná wà níbẹ̀. Bí ó bá ti kúrò lójú dígí, díẹ̀ ni ó ń rántí sọ nínú rẹ̀. Gbogbo ayé ni ó ti fi dígí náà rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni. Ọmọbìnrin tí ó pé ọdún 29, tí ó ní òbí, tí ó ní arákùnrin àti ọ̀gá níbi iṣẹ́, kò ní ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ lọ fún ọkùnrin tí wọ́n jọ ń sùn lórí ibùsùn kan. Nígbà tí òun àti Lawrence jókòó ní ìparí ọ̀wọ́ kejì tí wọ́n sọ òtítọ́ inú wọn fún ara wọn tí wọ́n sì tọrọ àforíjì, ilé tí wọ́n jọ gbé ti ṣófo.

Ẹlẹ́rìí

Iṣẹ́ kẹta ni ó wúwo jù. Bí ìjà bá dé, bí oyún bá dé, bí ọkọ bá sá lọ, alárinà ni a ń pè wá sọ ohun tí ó mọ̀. Nítorí náà ni ọkùnrin fi ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó hùwà òmùgọ̀.

Nínú ọ̀wọ́ kẹrin, Lawrence bá obìnrin kan tí ń jẹ́ Condola lọ, ẹni tí ó ń bá Issa ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ṣètò àpèjẹ àdúgbò. Ìfẹ́ wọn kò tọ́jọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pínyà, tí Lawrence sì ti padà sọ́dọ̀ Issa, ni Condola sọ fún un pé òun ti lóyún, òun yóò sì bí i. Ọmọkùnrin ni wọ́n bí. Lawrence ti gba iṣẹ́ ní San Francisco, ó wá di ẹni tí ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wo ọmọ rẹ̀ ní Los Angeles. Ẹ̀yìn tí ọmọ ti dé ayé ni ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé jọ, ìjà lórí ẹni tí yóò gbé ọmọ àti ìgbà tí yóò gbé e sì bẹ̀rẹ̀. Eré tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwàdà kò jọ àwàdà mọ́ níbi tí ó dé yìí. Kò sí ìkankan nínú àwọn méjèèjì tí ó jẹ́ ẹni burúkú. Kò kàn sí ẹni tí ó mọ̀ nípa àdéhùn wọn, nítorí pé kò sí àdéhùn.

Ní ọdún 2017, àwọn òǹwòran pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé èé ṣe tí wọn kò fi rí rọ́bà ìdáàbòbò nínú ìran ìbálòpọ̀ eré náà. Ariwo náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó ṣe eré náà fi ní láti dá wọn lóhùn. Ó yẹ kí a kíyè sí èyí. Bí ẹ̀gbọ́n àti ìyá kò bá sí nínú ìtàn, àwọn àjèjì tí ń wò ó yóò di ìyá, wọn yóò máa ké láti ìta pé, “Ọmọ mi, tọ́jú ara rẹ.”

Àléébù tiwa

Kò tọ́ kí a wá ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayé àtijọ́ ṣe fọ́ńté. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni wọ́n ti ṣèlérí fún ọkọ kí ó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Alárinà tí ó ti jẹ ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọkùnrin a máa bo àléébù rẹ̀. Ìwádìí tí a ṣe sí ìdílé pọ̀, ìbéèrè tí a bi ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn mìíràn sì ṣí ohùn pẹ̀lú omijé. Issa àti Molly ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìyá ìyá wa kò ní: wọ́n lè sọ pé àwọn kò fẹ́.

Eré náà kò sì purọ́ pé ìgbéyàwó alẹ́lẹ́rìí ni ó dá gbogbo nǹkan dúró. Níbi ayẹyẹ tí àwọn òbí Molly ti ń tún ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó wọn jẹ́, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó ti mọ̀ pé bàbá òun ti yan àlè rí, ìyá òun sì mọ̀, ó dárí jì í, ó sì pa á mọ́ra. Ìgbéyàwó tí Molly fi ń díwọ̀n gbogbo ọkùnrin ní àpá lára tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn án. Ìgbà yẹn gan-an ni ó lọ sọ́dọ̀ Dro. Bí ìyá rẹ̀ bá ti sọ ìtàn náà fún un tẹ́lẹ̀, bóyá ìbá ti mọ̀ pé ilé tí ó dúró kì í ṣe ilé tí òjò kò pa rí. Àgbà tí ó fi ọgbẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún ọmọ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí alárinà tí ó bo àléébù.

Ohun mìíràn tí yóò ya àwọn tí wọ́n fi ojú ìṣekúṣe nìkan wo eré yìí lẹ́nu ni pé ọmọ Nàìjíríà ni obìnrin tí ó ṣe Molly. Yvonne Orji ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Igbo tí a bí ní Port Harcourt ní ọdún 1983, tí àwọn òbí rẹ̀ sì mú lọ sí Amẹ́ríkà ní kékeré. Ní ọdún 2017, nígbà tí eré náà gbayì jù, ó dúró níwájú àwùjọ, ó sì sọ ní gbangba pé òun kò tíì mọ ọkùnrin, òun yóò sì dúró di ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìgbàgbọ́ Kristẹni ni ó fi gbé e lẹ́sẹ̀, kì í ṣe aṣọ funfun ìbálé tiwa. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ fi han ọmọ: ìbálé láyé àtijọ́ jẹ́ ohun tí ẹbí ń ṣọ́, ti Orji jẹ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ yàn.

Ní àkókò kan náà, láti ọdún 2019 sí 2024, ilé iṣẹ́ CBS, tí a ń wò lọ́fẹ̀ẹ́, ń fi eré aláwàdà mìíràn hàn tí ń jẹ́ Bob Hearts Abishola. Abíṣọ́lá jẹ́ nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá ní ìlú Detroit, Fọlákẹ́ Olówófóyèkù ni ó sì ṣe é. Òyìnbó kan fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìgba ọ̀dọ̀ àǹtí àti ọkọ àǹtí rẹ̀ kọjá. Èdè Yorùbá ń dún nínú ilé náà. Ẹ̀rín eré yìí wá láti ara àwọn tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rín Insecure wá láti ara ẹnu ọ̀nà tí ó ṣófo.

Ọ̀rẹ́ tí ó di alárinà

Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà náà kò ṣófo pátápátá. Ẹni tí ó ń ṣe ìwádìí fún Issa ni Molly, ẹni tí ó ń bá Molly wí ni Issa. Nítorí náà ni ọ̀wọ́ kẹrin fi dun àwọn òǹwòran ju ìkọ̀sílẹ̀ èyíkéyìí lọ. Kì í ṣe ọkùnrin ni ó fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ni wọ́n jà níwájú èrò níbi àpèjẹ àdúgbò tí Issa ṣe, nítorí ojú rere kan tí Issa wá lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́kùnrin Molly lẹ́yìn tí Molly ti ní rárá. Lẹ́yìn ìjà yẹn, àwọn méjèèjì wà láìní ẹlẹ́rìí. Nígbà tí Issa gbọ́ ọ̀rọ̀ oyún Condola, tí Molly pẹ̀lú ti bá ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ pínyà, ara wọn ni wọ́n tún padà sọ́dọ̀, ní ilé oúnjẹ kan, tí wọ́n jókòó dojú kọ ara wọn.

Ní ìparí gbogbo rẹ̀, Molly ṣe ìgbéyàwó. Ìyá rẹ̀ ti kú kí ọjọ́ náà tó dé, Issa ni ó sì dúró tì í. Issa pẹ̀lú padà sọ́dọ̀ Lawrence, ó gba ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ra. Ìpè fóònù láàárín àwọn ọ̀rẹ́ méjì ni ó wà lára ohun tí a gbọ́ kẹ́yìn nínú eré náà.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ ẹni lè ṣe alárinà dé ibì kan, ṣùgbọ́n ohun tí ojú òun náà kò tíì rí, kò lè ròyìn rẹ̀. Àwọn ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́ gíga náà ń pàdé ara wọn lórí fóònù, wọn kì í sì í gbé orúkọ ẹni tí wọ́n pàdé wá sílé, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé èébú ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa. Bí àwọn àgbà bá fẹ́ kí a tún máa bi àwọn léèrè, wọ́n ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó bínú, kí wọ́n sì sọ ìtàn ìgbéyàwó tiwọn bí ó ti rí gan-an, pẹ̀lú òjò tí ó pa á. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọmọbìnrin bá wà nílé tí ó ń bá dígí sọ̀rọ̀ lóru, ó yẹ kí ẹnìkan nínú ilé náà kan ilẹ̀kùn, kí ó sì bi í jẹ́jẹ́ pé, “Ọmọ mi, ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀?”